Ihò Mẹ́fà, Ihò Mẹ́fà, Àmọ́ Rímù Ò Wọlé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àtìgbà tójò ti bẹ̀rẹ̀ ni lẹ́tà táyà àti rímù ti ń ya lu èmi Ẹ̀gbọ́n Mọ́tò yín, kò sì yà mí lẹ́nu, torí gálọ́ọ̀pù tó bá ti gba omi sínú, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe jìn tó àfi ẹni tó bá kó sí i. Gbogbo ìbéèrè tòní pátá ti jíìpù ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè ọ̀rọ̀ Corolla, ẹ fún mi láyè di ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀, mi ò gbàgbé yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n Mọ́tò, ẹ kú iṣẹ́ o. Prado 2005 ni mò ń gùn, òun ni mo fi ń lọ sóko kókó mi. Lóṣù tó kọjá mo kó sí kòtò kan lọ́nà Ọ̀rẹ̀ lálẹ́, rímù iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún sán, tẹ̀yìn ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà tẹ̀. Mo lọ ra méjì lọ́jà páàtì, ọ̀gá tó tà á fún mi ní ihò mẹ́fà ni, íńṣì 17 ni, á wọlé wẹ́rẹ́. Bí fọkanáísà ṣe gbé e sókè báyìí ló ní ihò àárín kéré, họ́ọ̀bù, ìyẹn irin àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí rímù ń wọ̀ mọ́, ò gbà á. Mo gbé e padà, ọ̀gá yẹn ní òun kì í gba ọjà padà, àmọ́ òun mọ ẹnì kan tó máa bá mi fi ẹ̀rọ fẹ ihò yẹn. Ṣé kí n jẹ́ kó fẹ̀ ẹ́? Ìyàwó mi tiẹ̀ ní kí n kúkú lọ na èyí tó tẹ̀ yẹn, kí n jó èyí tó sán, kí n yéé náwó. — Àgbẹ̀ kókó, Oǹdó

ÈSÌ: Ẹ kú ewu o, bàbá. Kòtò alẹ́ tó ba rímù méjì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá jẹ́ rímù nìkan ló bá a lọ, ọpẹ́ ni ká dú.

Ẹ má fẹ̀ ẹ́ o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ṣòroó mọ̀. Rímù Mitsubishi ni wọ́n tà fún yín, bóyá ti Pajero bóyá ti L200, mi ò rí i àmọ́ mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Pajero náà ní ihò bọ́ọ̀tì mẹ́fà bíi ti Prado, òbìrí tí àwọn ihò yẹn sì tò sí, ìwọ̀n kan náà ni, mìlímítà 139.7, ìyẹn íńṣì márùn-ún àbọ̀. Ọ̀gá tó tà á ò parọ́ níbẹ̀. Ihò ńlá àárín ló kó yín sí wàhálà. Ti Prado jẹ́ mìlímítà 106, ti Pajero 67 péré. Họ́ọ̀bù Prado tó yọrí síta yẹn tóbi tó orí ọmọ tuntun, ẹ wá ní kó gba ẹnu kọ́ọ̀pù kọjá, ibo ló fẹ́ gbà?

Ẹni tó ní òun máa fẹ̀ ẹ́ yẹn, ẹ bi í ohun tó wà lẹ́yìn rímù. Tẹ́ ẹ bá yí rímù alọ́ì délẹ̀, ẹ ó rí i pé àwọn tó ṣe é ti gbẹ́ irin kúrò láàárín ihò bọ́ọ̀tì kan sí èkejì kó lè fúyẹ́. Láti fi 67 di 106, irin tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò lẹ máa há kúrò yí po, níbi tí ẹrù ọkọ̀ ti ń tẹ rímù gan-an. Ẹ̀rọ ìgboro yẹn tún lè yẹ̀ díẹ̀ báyìí, kí àárín má sí láàárín mọ́, kí rímù wá máa yí wọ́gọwọ̀gọ, kẹ́ ẹ máa ra bẹ́árìn lóṣooṣù, kẹ́ ẹ máa ní ayé ni ò jẹ́.

Ẹ lè pàdé ìdàkejì ẹ̀ náà lọ́jà. Ẹni tó ní Pajero tó ra rímù Prado, ti ẹ̀ á wọlé, á tiẹ̀ wọlé jù, torí àyè á ṣẹ́ kù láàárín, họ́ọ̀bù ò ní kan rímù rárá, nọ́ọ̀tì nìkan lá máa gbé gbogbo ẹ̀. Onítọ̀hún á dé orí 80 lójú títì, sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni ibà mú, á gbé e lọ fún bálánsìn lẹ́ẹ̀mẹta, á tún pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, kò ní mọ̀ pé àyè àárín yẹn ló ń dà á láàmú. Ìyẹn ní àtúnṣe ṣá, òrùka kan wà tí wọ́n máa ń fi dí àyè náà. Tiyín ò ní.

Kí lẹ wá máa rà? Ẹ padà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ má bá a jà, ẹ ní kó bá yín fi rímù Toyota pààrọ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ sì fi owó lé e, ọ̀pọ̀ wọn á gbà tí wọ́n bá rí i pé owó tún fẹ́ wọlé. Rímù tó bá Prado yín mu pọ̀ lọ́jà ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ: ti 4Runner 2003 sókè títí dé 2024, ti Hilux oníhò mẹ́fà, ti Fortuner, ti FJ Cruiser, ti Lexus GX 470 àti GX 460, ihò mẹ́fà, 139.7, àárín 106, gbogbo wọn. Nọ́ọ̀tì wọn náà, ìwọ̀n kan ni. Kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra fún Nissan Frontier àti Pathfinder 2005 sí 2012, ihò mẹ́fà lòun náà ní àmọ́ 114.3 ni òbìrí ẹ̀, kò tiẹ̀ ní fara jọ ọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e kò ó.

Ẹ mú rúlà dání. Mo mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá yọ rúlà lọ́jà wọ́n á máa wò yín bí olùkọ́ máàtì, ẹ má dá wọn lóhùn. Ihò mẹ́fà rọrùn láti wọ̀n, ẹ kì í wá àárín ihò kiri, ẹ kàn wọ̀n ọ́n láti etí òsì ihò kan dé etí òsì ihò tó kọjú sí i ní tààrà, ohun tẹ́ ẹ bá rí náà ni òbìrí. Èyí tó dáa ju rúlà lọ ni kẹ́ ẹ di rímù yín tó sán yẹn sẹ́yìn ọkọ̀ lọ, kẹ́ ẹ dà á délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ojú yín á rí i. Lẹ́yìn rímù náà, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára, bíi 17x7½J, àti ET tàbí àmì ìròpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà ìkẹyìn yẹn ló ń sọ bí rímù ṣe máa wọ inú tó tàbí yọ síta tó. Ti Prado yín jẹ́ 30. Tí tọjà bá jẹ́ 25 tàbí 15, kò sí wàhálà, á kàn yọ síta díẹ̀. Tó bá jẹ́ 50 tàbí 60, ẹ fi í sílẹ̀, á wọnú jù, á lè máa ha irin abẹ́ ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ nínà àti jíjó wá kù. Màmá ò jẹ̀bi, owó ni wọ́n ń ṣọ́. Èyí tó tẹ̀ yẹn, tó bá jẹ́ etí inú ló tẹ̀ díẹ̀, tí kò sán, ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ lè nà án, kẹ́ ẹ sì fi ṣe sípíà tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, kẹ́ ẹ má dá a padà síwájú. Èyí tó sán, ẹ tà á fún àwọn tó ń ra àjákù irin. Ojú ibi tí wọ́n jó le, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tí iná ti mú ti rọ̀, ẹ̀gbẹ́ yẹn ló sì máa sán lọ́jọ́ mìíràn, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kó àpò kókó sẹ́yìn ọkọ̀ tẹ́ ẹ ń sáré nítorí òjò.

Èmi fúnra mi ti jìn sí i rí. Ní Ládípọ̀ ní Mushin, ó ti pẹ́, mo ra rímù 4Runner kan tó ń dán bíi dígí, mo yọ̀ mọ́ ọn, mo tiẹ̀ ra Lacasera fún ọmọ tó gbé e wá fún mi. Mo délé, mo ń fi kọ́kọ́rọ́ ha ẹrẹ̀ kan tó lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀, ọ̀dà bá ṣí, àfi eérú tó dà bíi símẹ́ńtì lábẹ́ ẹ̀, mo ha á síwájú, ojú jíjó gùn tó ìka ọwọ́ mi, láti etí wọ inú. Wọ́n jó o, wọ́n fi filler tàwọn panẹ́bítà dí i, wọ́n fín ọ̀dà lé e. Látìgbà yẹn, rímù tó bá ń dán jù, mi ò rà. Èyí tó dọ̀tí, tó ní ọ̀dà àtijọ́ lára, òun ni mò ń bá lọ, torí ìdọ̀tí kì í parọ́. Mo máa gbé e sórí ọ̀pá, màá fi ẹ̀yìn sípánà kàn án yí po bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń fìka kan ìkòkò kí wọ́n tó rà á. Èyí tó dáa á dún gbooro bí agogo. Èyí tó ti sán, gbì báyìí ló máa dún, kò ní fà.

Ohun kan kù tí mi ò gbọ́dọ̀ fo. Prado yín, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, dífírẹ́ńṣà kan wà láàárín tó ń pín agbára síwájú sẹ́yìn. Tí táyà iwájú bá ga ju tẹ̀yìn lọ, tàbí tí ọ̀tún jẹ́ tuntun tí òsì ti jẹ tán, dífírẹ́ńṣà yẹn ò ní sinmi, á máa gbóná láìdá. Nítorí náà, rímù lè jọra tàbí kó má jọra, ìyẹn ojú ẹ̀wà ni, àmọ́ gíga táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ dọ́gba.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, Houston ni mo wà, Prado 2008 ni dádì mi ń gùn ní Ìjẹ̀bú-Òde, rímù wọn ti jẹ ẹ̀tẹ́. Àwọn èèyàn ibí tó bá ra 4Runner, Tacoma tàbí Tundra tuntun máa ń tú rímù tó bá a wá, wọ́n á gbé ti fàájì sí i, wọ́n á wá ta ti kọ́ńpìnnì ní owó pọ́ọ́kú pẹ̀lú táyà ẹ̀ tí ò tíì rìn. Ṣé kí n rà á, kí n jù ú sínú kọ́ńtéínà? — Ọmọ Aláre, Houston

ÈSÌ: Àbúrò, o ṣeun, kí Ọlọ́run jẹ́ kí dádì jẹ́ ẹ pẹ́. Rà á o, ibi tí ọwọ́ ti lè tẹ rímù gidi tí kòtò ò tíì rí rí nìyẹn, àmọ́ má rà á láìyẹ̀ ẹ́ wò.

4Runner tí ò kọjá 2024, rà á ní tìfọ̀kànbalẹ̀. Tacoma oníhò mẹ́fà tí ò kọjá 2023 náà, kò séwu. Nọ́ńbà ET rímù 17 ti 4Runner jẹ́ 15 níbi tí ti Prado ti jẹ́ 30, ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á fi bíi mìlímítà 15 yọ síta ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Dádì lè ṣàkíyèsí pé ẹrẹ̀ ń ta sára ilẹ̀kùn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ló tiẹ̀ fẹ́ràn bó ṣe máa rí yẹn, ọkọ̀ á dà bíi pé ó la ẹsẹ̀.

Tundra lo máa sá fún, kò sì sí Tundra láti 2007 síwájú tó bọ́ sí i. Èyí tó jáde láàárín 2007 sí 2021, ihò márùn-ún ló ní. Láti 2022, wọ́n sọ ọ́ di ihò mẹ́fà, 139.7, ẹni bá rí i á ní ó parí, Toyota sí Toyota, àfi kó o fi rúlà kan àárín ẹ̀, 95 ni. 106 ò lè wọ 95. Bẹ́ẹ̀ náà ni Land Cruiser 300, má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ Land Cruiser dán ẹ lójú.

Táyà ńkọ́? Tú u kúrò, rímù lásán ni kó o fi ránṣẹ́. Táyà àlòkù wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ní kò gbọdọ̀ wọ Nàìjíríà, bó o tiẹ̀ ń rí i tí wọ́n tò ó sẹ́bàá títì bí ẹni to àkàrà. Táyà tuntun wà nílé, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń kó wọlé látòkèèrè báyìí, látìgbà tí Michelin ti ti ilé iṣẹ́ ẹ̀ ní Port Harcourt lọ́dún 2007, tí Dunlop Ìkẹjà náà ò ṣe táyà mọ́. Ó wọ́n, àmọ́ rà á.

Kó o tó dì í, yọ ohun kékeré onírin tó wà nínú rímù nídìí ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ẹ̀rọ tó ń sọ fún ọkọ̀ pé atẹ́gùn ti lọ sílẹ̀ ni. Prado dádì ò mọ̀ ọ́n, fọkanáísà wa sì máa fi irin tó fi ń yọ táyà ṣẹ́ ẹ dànù ni, ni atẹ́gùn á wá máa jò tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ ibi tó ń gbà. Fi èyí tó jẹ́ rọ́bà lásán rọ́pò ẹ̀. Kó o sì bá wọn gba nọ́ọ̀tì rímù yẹn mọ́ ọn, kó o dì í sínú ọ̀rá, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ rímù kan. Ìdí ẹ̀ wà nísàlẹ̀, nínú ìbéèrè ìkẹyìn. Márùn-ún ni kó o rà o, kì í ṣe mẹ́rin.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Land Cruiser 2004 tèmi, ihò márùn-ún, rímù ẹ̀ ò wọ́pọ̀ lágbègbè wa. Ẹnì kan ní òun máa bá mi fi irin kan sáàárín tó máa sọ ihò márùn-ún di mẹ́fà, kí n lè máa lo rímù Prado. Ṣó dáa? — Kọ́ńtírákítọ̀, Adó-Èkìtì

ÈSÌ: Kò dáa. Land Cruiser yẹn wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ lófìfo, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún un ní bọ́ọ̀tì tó sanra ju ti Prado lọ. Irin tí wọ́n fẹ́ kì bọ̀ ọ́ yẹn, nọ́ọ̀tì márùn-ún á dè é mọ́ họ́ọ̀bù, rímù á wá bo àwọn nọ́ọ̀tì yẹn mọ́lẹ̀, tí wọ́n bá tú, ẹ ò ní rí wọn àyàfi tẹ́ ẹ bá yọ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ta ló ń yọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti wo nọ́ọ̀tì? Àwọn kan ń lò ó nígboro Èkó tí ò sí nǹkan, mo mọ̀, àmọ́ sáìtì lẹ̀yín ń lọ.

Ohun tẹ́ ò mọ̀ ni pé ẹ̀yin náà ní ìbátan lọ́jà. Òbìrí yín jẹ́ 150, àárín 110. Ẹ béèrè rímù Lexus LX 470 tàbí LX 570, Land Cruiser 200, Sequoia 2008 sókè títí dé 2022, àti Tundra 2007 sí 2021 tí mo lé àbúrò wa ní Houston sá fún yẹn, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ihò márùn-ún ò ní èyí tó kọjú síra wọn, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín ihò kan dé àárín èyí tó tẹ̀ lé e: tó bá jẹ́ mìlímítà 88, tiyín ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, bàbá mi àgbà fi Land Rover Defender àtijọ́ sílẹ̀ fún wa ní Ṣakí, ẹ́ńjìnì ẹ̀ ṣì ń dáhùn, àmọ́ rímù méjì ti jẹrà. Wọ́n ní rímù Land Rover Discovery wà lọ́jà Gate n'Íbàdàn. Ṣé á wọlé? — Ọmọ Ṣakí

ÈSÌ: Inú mi dùn sí lẹ́tà yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ, ẹ má bínú. Láti Land Rover àkọ́kọ́ lọ́dún 1948 títí di Defender tó jáde kẹ́yìn níbẹ̀rẹ̀ 2016, òbìrí kan náà ni wọ́n lò, ihò márùn-ún, 165.1, íńṣì mẹ́fà àbọ̀. Ó fẹ́ẹ̀ tó àádọ́rin ọdún tí wọn ò yí i padà. Nítorí náà rímù tó wà lẹ́sẹ̀ Land Rover aláwọ̀ ewé tó ti di ilé adìẹ lẹ́yìn ọgbà àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba kan, ó lè jẹ́ òun gan-an lò ń wá. Lọ bi wọ́n kó o tó lọ sí Gate.

Tó o bá dé Gate, béèrè ọdún Discovery náà. Èyí àkọ́kọ́, tó parí ní 1998, á wọlé, ti Range Rover àtijọ́ náà á wọlé. Discovery kejì tó tẹ̀ lé e, 120 ni òbìrí tiẹ̀, kò lè wọlé, Defender tuntun tó jáde ní 2020 náà sì ti di 120, àwọn ọmọ ọjọ́ kan náà á máa tà á fún ẹ pé Defender ni, Defender ni. Láti ihò kan sí èkejì, tìẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 97.

Tí wọ́n bá ní onírin lásán àti alọ́ì, mú onírin. Tí onírin bá tẹ̀ lọ́nà oko, wàá fi òòlù nà án, wàá sì délé. Kó o wo inú ẹ̀, tó o bá rí orí ìṣó tí wọ́n fi kàn án pọ̀ yí po, tíúbù ló ń lò, má jẹ́ kí fọkanáísà fẹ́ ẹ láìsí tíúbù, ojú ìṣó yẹn ni atẹ́gùn á ti máa jò lójoojúmọ́. Ra sípánà 27 dání, ti Toyota tó jẹ́ 21 ò ní bá ẹ tú u.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, 4Runner 2006 ni mo jogún lọ́wọ́ àǹtí mi. Àwọn padí mi ní kí n gbé 20 sí i kó lè jẹ́ gbẹ̀dẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, mò ń lọ Iléṣà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. — Ọmọ Ifẹ̀

ÈSÌ: Sọ fún àwọn padí ẹ kí wọ́n bá ẹ ra sípíà mẹ́ta mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Táyà 265/65R17 ga tó mìlímítà 776 látòkè délẹ̀, rọ́bà tó wà láàárín rímù àti ilẹ̀ jẹ́ 172. Tó o bá gbé 20 sí i tó o sì fẹ́ kí gíga ẹ̀ má yí, 265/50R20 lo máa rà, rọ́bà yẹn á di 132 péré. Ìbú ìka méjì rọ́bà lo ti fún kòtò ọ̀nà Iléṣà lọ́fẹ̀ẹ́, rímù lá wá máa fi orí gbá a.

Padà sẹ́yìn dípò kó o lọ síwájú. Rímù 16 pẹ̀lú 265/70R16 ga tó 777, mìlímítà kan ló fi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, sípídómítà ò ní mọ̀ pé o ṣe nǹkan kan, rọ́bà ẹ̀ á di 185, ọ̀pọ̀ 4Runner ọdún yẹn ló sì bá 16 jáde. Ó máa ń dínwó lọ́jà torí gbogbo ayé ń wá 17 àti 18. Kàn gbé ọ̀kan kọ́ iwájú kó o tó sanwó, kó o fọwọ́ yí i, kó o rí i pé kò kan búréèkì. Tó o bá ń wo táyà, wá nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní ìparí DOT lára ẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019, tó bá ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, bó tiẹ̀ ń dán, bó tiẹ̀ ní irun rọ́bà lára, fi í sílẹ̀ fún ọlọ́jà.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi ẹ kú iṣẹ́. Dírẹ́bà ni mí, Lexus LX 570 ni mò ń wà fún ọ̀gá kan. Rímù alọ́ì kan sán, wọ́n bá mi wá onírin ti Land Cruiser fi ṣe dípò, ó wọlé dáadáa. Àmọ́ nọ́ọ̀tì ẹ̀ ń tú. Mo dè é láàárọ̀, tó bá di ọjọ́ kejì á ti rọ̀, mo sì ń gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ tí n bá ń yí kọ́nà. Mẹkáníìkì ní kí n máa fi ẹsẹ̀ gun sípánà tí mo bá ń dè é. — Dírẹ́bà, Lẹ́kí

ÈSÌ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ páàkì ọkọ̀ yẹn báyìí, ẹ má gbé ọ̀gá yín lọ síbì kankan lónìí. Kì í ṣe pé ẹ ò dè é dáadáa. Ẹ yọ nọ́ọ̀tì kan, ẹ wò ó. Nọ́ọ̀tì rímù alọ́ì yẹn ní ọrùn gígùn tó dúró gbọnrangandan, pẹ̀lú wáṣà pẹlẹbẹ lára. Inú ihò alọ́ì ni ọrùn yẹn ń wọ̀, wáṣà á wá jókòó lé ojú pẹrẹsẹ. Ihò rímù onírin ò rí bẹ́ẹ̀, ó tẹ̀ wọnú bí àrọ, ó ń wá nọ́ọ̀tì tó ní orí ṣóńṣó tó máa bọ́ sínú ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wáṣà pẹlẹbẹ lé etí àrọ lásán ló wà, ibi tó ti kan irin ò tó nǹkan, bí ọkọ̀ ṣe ń mì ló ń yọ́ tú.

Ẹsẹ̀ tí mẹkáníìkì ní kẹ́ ẹ máa fi gun sípánà yẹn, bọ́ọ̀tì ló ń fà gùn, ọjọ́ kan á já sọ́wọ́ yín. Ẹ ra nọ́ọ̀tì olórí ṣóńṣó márùn-ún, kí okùn ẹ̀, ìyẹn ìlà tó yí po nínú ẹ̀, jẹ́ ti bọ́ọ̀tì 14 tó wà lára ọkọ̀ yín, kì í ṣe ti Prado. Kẹ́ ẹ tó dè é, ẹ fọwọ́ pa ihò rímù onírin yẹn, tó bá ti fẹ̀ tàbí tó ti di ẹyin nítorí kọ́-kọ́-kọ́ yẹn, ẹ jù ú nù, rímù yẹn ti parí. Ẹ wo bọ́ọ̀tì náà, èyí tí okùn ẹ̀ bá ti pa, kí wọ́n fi tuntun rọ́pò ẹ̀. Ẹ wá dè é ní ìràwọ̀, kì í ṣe yípo, ẹ fo ihò kan kẹ́ ẹ tó de èkejì, ẹ rìn ín bíi kìlómítà 50, kẹ́ ẹ tún padà fi sípánà kàn án.

Nọ́ọ̀tì alọ́ì tẹ́ ẹ tú yẹn, ẹ fi sínú ọkọ̀ o, ẹ má sọ ọ́ nù. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá ra alọ́ì tuntun, ẹ ó tún wá a.